Ẹ Bá Wa Gba Kọ́kọ́rọ́ Fóònù Wa: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àjọ NCC

Sí Ọ̀gá Àgbà àti gbogbo ìgbìmọ̀ olùdarí Àjọ NCC, tó ń bójú tó ètò ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, Àbújá.

Ẹ̀yin àgbà wa, ẹ kú iṣẹ́ ìlú.

Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti ń kọ̀wé sí yín, ní Under G, lẹ́bàá Yunifásítì LAUTECH, níbi tí mo ti ń tún fóònù ṣe. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ẹ̀bẹ̀ mi, àlàyé á tẹ̀lé e. Kí ilé-iṣẹ́ kan tó gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ yín láti máa ta fóònù tuntun ní Nàìjíríà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ béèrè ohun méjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ gba kóòdù kernel tó wà nínú fóònù náà, ìyẹn ọkàn sístẹ́mù tó ń darí àwọn ẹ̀yà ara fóònù, lódindi, bó ṣe wà gan-an lọ́jọ́ tó dé ọjà. Kí ẹ sì rí i dájú pé ẹni tó fi owó rẹ̀ ra fóònù náà lè ṣí bootloader rẹ̀, ìyẹn ètò tó ń pinnu sístẹ́mù tí fóònù yóò fi tàn, nígbà tó bá wù ú, láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Mo mọ̀ pé ẹ ń yẹ fóònù wò kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Ìgbì rédíò tó ń gbé jáde, bóyá yóò bá nẹ́tíwọ̀kì wa ṣiṣẹ́, bóyá kò ní ṣe ẹni tó ń lò ó ní jàǹbá: iṣẹ́ tí Òfin Ìbánisọ̀rọ̀ ọdún 2003 gbé lé yín lọ́wọ́ nìyẹn, a sì dúpẹ́ pé ẹ ń ṣe é. Ṣùgbọ́n bí fóònù bá yege lónìí, tí olùṣe rẹ̀ kò sì rán àtúnṣe ààbò kankan sí i mọ́ lẹ́yìn ọdún méjì, ṣé ó ṣì yege lọ́dún kẹta? Ọdún kẹta yẹn gan-an ni fóònù máa ń bọ́ sọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa níbí. Ìyá tó ń ta èlùbọ́ ní Tákíè kì í ra fóònù tuntun. Èyí tí ọmọ rẹ̀ lò tó kù ló ń gbà, orí rẹ̀ sì ni owó ọjà ń wọlé sí, orí rẹ̀ ni ó ti ń sanwó fún àwọn tó ń kó ẹrù wá láti oko. Bí ihò bá wà nínú fóònù yẹn, owó èlùbọ́ ló máa gba ibẹ̀ jáde.

Ẹni tó ṣe fóònù ti kọjá lọ, èyí tó ń tà lọ́dún yìí ló gbájú mọ́. Àwọn tó kù tí wọ́n ṣì lè ran fóònù ìyá yẹn lọ́wọ́ ni àwọn tó ń ṣe sístẹ́mù àfirọ́pò, ìyẹn sístẹ́mù tí a lè gbé sínú fóònù ní ìrọ́pò èyí tó bá a wá. LineageOS wà nínú wọn, tó jáde lára CyanogenMod nígbà tí ìyẹn kógbá sílé ní ìparí ọdún 2016. Ubuntu Touch wà níbẹ̀, tí ilé-iṣẹ́ Canonical kéde rẹ̀ ní 2013, tó pa á tì ní 2017, tí àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni tó ń jẹ́ UBports wá gbà á tọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni postmarketOS, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2017 pẹ̀lú ìpinnu pé ó yẹ kí fóònù kan lè lo ọdún mẹ́wàá, àti Sailfish OS ti àwọn ará Finland. Àwọn tó ń ṣe é mọ iṣẹ́ wọn dójú àmì, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì gba kọ́bọ̀. Mo ń gbé iṣẹ́ ọwọ́ wọn sínú fóònù àwọn ènìyàn, mo sì ti rí fóònù tí wọ́n fẹ́ jù sí ààtàn tó padà di ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ fi parí iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀.

Síbẹ̀, bí fóònù tuntun bá jáde lónìí, àfi díẹ̀ bíi Pixel, fóònù tí Google ń ṣe, ni àwọn wọ̀nyí ń tètè rí ọ̀nà wọ̀. GrapheneOS, sístẹ́mù àfirọ́pò mìíràn tí gbogbo ayé ń yìn fún ààbò, orí Pixel ló fìdí sí láti ọjọ́ pípẹ́ wá. Google kì í sì í ta Pixel ní Nàìjíríà fúnra rẹ̀, tòkunbọ̀ la fi ń rí i. Àwọn fóònù tí àwa ń rà ńkọ́? Chípù MediaTek tàbí ti Unisoc ló wà nínú ọ̀pọ̀ fóònù tí owó tálákà ká, ìwé tó ṣàlàyé bí chípù wọ̀nyí ṣe ń ṣiṣẹ́ kò sì sí ní gbangba. Ìdí tí ọ̀nà fi dí nìyẹn, ibẹ̀ náà sì ni ọwọ́ yín ti tó o.

Ẹni tó bá ra kọ̀ǹpútà alágbèéká lè fi Windows tàbí Linux sínú rẹ̀ bó ṣe wù ú. Kọ̀ǹpútà náà fúnra rẹ̀ ló máa ń jẹ́ kí sístẹ́mù mọ ohun tó wà nínú òun àti ibi tí wọ́n wà. Fóònù kì í sọ nǹkan kan. Fáìlì kan tí wọ́n ń pè ní device tree ló gbọ́dọ̀ sọ fún kernel pé ibi báyìí ni skrín so mọ́, ibi báyìí ni a ti ń ka bátìrì, iná tó ń lọ sí kámẹ́rà kò gbọ́dọ̀ ju báyìí lọ. Fáìlì yìí kò bára mu láti fóònù kan sí òmíràn. Lẹ́yìn rẹ̀, ó ku dráífà ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí sístẹ́mù lè darí ẹ̀yà náà. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ku firmware, ìyẹn ètò tó ń ṣiṣẹ́ nínú chípù fúnra rẹ̀, tí olùṣe chípù ti fi èdìdì dì. Bí olùṣe fóònù bá kó gbogbo èyí pamọ́, ẹni tó fẹ́ gbé sístẹ́mù mìíràn síbẹ̀ á máa táràrà, á dán èyí wò, á dán tọ̀hún wò, oṣù á máa gorí oṣù. Nígbà tó bá fi máa bọ́ sí i, wọn kì í ta fóònù yẹn mọ́. Òmíràn ti dé, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ ló tún padà sí.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan hàn yín bó ṣe rí lórí tábìlì mi. Akẹ́kọ̀ọ́ méjì gbé fóònù wá, orúkọ kan náà, páálí kan náà, nọ́mbà kan náà lẹ́yìn páálí. Wọ́n ní kí n bá àwọn fi ROM (orúkọ tí a ń pe sístẹ́mù àfirọ́pò) kan náà sí i torí méjèèjì ti ń lọ́ra. Ti àkọ́kọ́ tàn, ojú rẹ̀ mọ́ kedere. Èkejì gbọ̀n nígbà tó ń tàn, mo gbọ́ ohùn rẹ̀, mo so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà rí i, mo tilẹ̀ lè ka gbogbo ohun tó ń lọ nínú rẹ̀ láti orí kọ̀ǹpútà mi. Ṣùgbọ́n skrín dúdú. Mo fi iná gbígbóná rọ gọ́ọ̀mù etí rẹ̀, mo ṣí i, mo yí skrín padà, mo ṣí èkejì náà kí n lè fi wé e. Nọ́mbà tó wà lára ráíbọ́ǹ wọn kò jọra. Ọwọ́ oníṣòwò méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni olùṣe fóònù náà ti ra skrín, ó sì tò wọ́n sínú fóònù kan náà láìsọ fún ẹni tó ń rà. Sístẹ́mù tó bá fóònù wá mọ méjèèjì torí kóòdù méjèèjì wà lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́. Ẹni tó ṣe ROM, tó jókòó sí ìlú òkèèrè, skrín kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ tiẹ̀. Níbo ni ì bá ti mọ èkejì?

Ohun tó kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀ kò tó nǹkan: àwọn àṣẹ tí a ń rán sí skrín kó tó jí, àti ìdá kéékèèké ìṣẹ́jú àáyá tó yẹ kí a dúró kí iná tó wọlé. Ìwé kékeré kan gba gbogbo rẹ̀. Ó wà nínú kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ tó ṣe fóònù yẹn, ó sì yẹ kó wà ní gbangba lábẹ́ òfin. Ọmọbìnrin tó ni fóònù náà gbé e lọ bó ṣe gbé e wá.

Skrín tilẹ̀ ṣì rọrùn. Kámẹ́rà ló ń dá wọn lágara jù. Ohun tí gíláàsì kámẹ́rà ń rí kì í ṣe fọ́tò, chípù mìíràn ló ń sè é di fọ́tò, kóòdù tó ń sè é sì jẹ́ àṣírí olùṣe chípù. Ìdí nìyẹn tí fóònù tí a gbé sístẹ́mù mìíràn sí fi lè tàn, kó wọ íntánẹ́ẹ̀tì, kó kọrin, kámẹ́rà rẹ̀ á sì máa ya ìkùukùu. Ìpè pàápàá kò dáni lójú. Ní Amẹ́ríkà, nígbà tí AT&T pa nẹ́tíwọ̀kì 3G rẹ̀ ní ọdún 2022, orí VoLTE, ìyẹn ìpè tó ń gba orí nẹ́tíwọ̀kì 4G, ni ìpè gbọ́dọ̀ máa gbà. VoLTE yìí sì wà lára ohun tó ṣòro jù lọ fún àwọn Ubuntu Touch láti mú ṣiṣẹ́, torí inú kóòdù àdáni olùṣe fóònù ló sá pamọ́ sí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣètò nẹ́tíwọ̀kì wa mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí àwa náà yóò pa ti àtijọ́. Àwọn fóònù tí wọ́n bá ti ọ̀nà wọn pa kò ní wúlò fún ìpè lọ́jọ́ náà.

Àwọn tó ń ṣe sístẹ́mù wọ̀nyí ti gba onírúurú ẹ̀bùrú. UBports ń lo Halium, tí í ṣe pé wọ́n ń yá kernel àti dráífà Android tó bá fóònù wá, wọ́n á wá gbé Ubuntu lé e lórí. Ọgbọ́n gidi ni, òun ló sì mú kí ọ̀pọ̀ fóònù tàn. Ṣùgbọ́n kernel tí a yá, ti àtijọ́ ni. Bí ẹni tó ni ín bá pa á tì, ihò tó wà nínú rẹ̀ kò ní dí. Google náà mú nǹkan rọrùn díẹ̀ ní 2017 pẹ̀lú Project Treble nínú Android 8, tó ya sístẹ́mù sọ́tọ̀ kúrò lára dráífà, tó fi jẹ́ pé ROM kan lè tàn lórí fóònù púpọ̀. Bí a ti ń sunkún náà là ń ríran. Mo ń lò ó. Ó ń tàn lóòótọ́, àmọ́ ọ̀pọ̀ ìgbà ni ibi ìtẹ̀ka kò ní ṣiṣẹ́, tàbí kí bluetooth má gbé ohùn ìpè, àwọn oníbàárà mi kò sì lè fara mọ́ fóònù alábùkù.

Ẹnìkan lè sọ pé àìlówó ló fà á. Canonical jẹ́ ilé-iṣẹ́ gidi. Ní 2013 wọ́n ní kí àwọn ènìyàn dá mílíọ̀nù 32 dọ́là kí wọ́n lè ṣe fóònù tiwọn, Ubuntu Edge. Ohun tí àwọn ènìyàn ṣèlérí sún mọ́ mílíọ̀nù 13, fóònù náà kò sì wáyé. Mozilla gbé Firefox OS jáde lórí fóònù ní 2013, ó pa á tì ní ìparí 2015. Àwọn tó wá sọ pé àwọn kò ní bẹ olùṣe fóònù kankan mọ́, tí wọ́n ṣe PinePhone àti Librem 5, chípù tí ìwé rẹ̀ wà ní gbangba ni wọ́n rí lò, chípù tí wọn kò tilẹ̀ ṣe fún fóònù. Bátìrì kì í pẹ́ nínú rẹ̀, ó sì ń lọ́ra. Ẹni tó rí ọ̀nà já ni Huawei. Nígbà tí Amẹ́ríkà dí wọn lọ́wọ́ ní 2019, wọ́n kọ HarmonyOS. Ṣùgbọ́n Huawei ló ń ṣe fóònù náà, chípù Kirin sì jẹ́ tiwọn. Ẹ wo ìyàtọ̀ náà dáadáa: ohun tó sọ ẹni tó lè di ẹni tó lè ni pé ọwọ́ rẹ̀ tó ìwé chípù náà.

Ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ ló kù, òun ló sì ń ká mi lára jù. Fóònù tí a rà tí a kò lè ṣí bootloader rẹ̀ dà bí ilé tí a san owó rẹ̀ pé, tí onílé sì mú kọ́kọ́rọ́ yàrá lọ. Huawei kò fún ẹnikẹ́ni ní kóòdù ìṣí mọ́ láti 2018. Ní 2025, Samsung yọ àyè ìṣí náà kúrò nínú One UI 8, ẹ̀dà Android tó ń fi sínú fóònù rẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025 kan náà, Google gbé kóòdù Android 16 jáde, àmọ́ kò kó device tree ti Pixel síta mọ́ bó ṣe máa ń ṣe látẹ̀yìnwá. Pixel yìí ni àwọn ọlọ́gbọ́n ń fi kọ́ iṣẹ́. Bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, ilẹ̀kùn ń tì sí i ni.

Ohun tí mo ń béèrè kì í ṣe àánú. Kernel tó wà nínú Android ni Linux, tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní 1991, ìwé àṣẹ GPL ẹ̀dà kejì ló sì dè é. Ohun tí ìwé àṣẹ yẹn sọ kò lọ́jú pọ̀: ẹni tó bá pín in fún ènìyàn gbọ́dọ̀ fún un ní kóòdù rẹ̀ pẹ̀lú bó bá béèrè. Ilé ẹjọ́ kan ní Munich, ní Jámánì, ti gbé e lẹ́yìn ní 2004 nínú ẹjọ́ tí wọ́n pe ilé-iṣẹ́ Sitecom. Torí náà, ilé-iṣẹ́ tó ń ta fóònù Android fún wa láìkó kóòdù kernel síta ń rú àdéhùn tó fún un láyè láti lo Linux. Ẹ̀tọ́ àwọn aṣẹ̀dá ni, àjọ kejì tó ń jẹ́ NCC bíi tiyín, tó ń bójú tó ẹ̀tọ́ aṣẹ̀dá, sì ní Òfin 2022 lọ́wọ́. Ẹ lè jọ jókòó sọ ọ́. Mo ti kọ̀wé béèrè kóòdù rí lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kan tí fóònù rẹ̀ kún ọjà wa. Ẹ̀rọ ló fèsì pé kí n tún fóònù náà tàn, kí n wò ó bóyá yóò dára. Bí ẹ̀yin bá béèrè, ènìyàn ni yóò dáhùn, torí wọ́n nílò ìwé àṣẹ yín.

Àwọn aláwọ̀ funfun ti bẹ̀rẹ̀ tiwọn. Láti ogúnjọ́ oṣù kẹfà ọdún 2025, òfin Ìṣọ̀kan Yúróòpù sọ pé ẹni tó bá ta fóònù níbẹ̀ gbọ́dọ̀ máa rán àtúnṣe sístẹ́mù sí i fún ó kéré tán ọdún márùn-ún lẹ́yìn tó bá ta èyí tó kẹ́yìn nínú irú fóònù náà. Ẹ̀yà ara rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà fún títà fún ọdún méje. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe èyí fún ẹni tó wà ní Berlin, kí ló dé tí kò lè ṣe èyí tó kéré jù ú lọ fún ẹni tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́? Èmi kò tilẹ̀ ní kó máa rán àtúnṣe sí wa fún ọdún márùn-ún. Kó fi kóòdù sílẹ̀, kó má ti ilẹ̀kùn, àwa náà á tún un ṣe fúnra wa.

Mo mọ ohun tí àwọn olùṣe fóònù yóò wá sọ fún yín. Wọ́n á ní bí a bá gbà kí a máa ṣí bootloader, olè á rí ọ̀nà. Ẹ má gbà fún wọn. Níbi tí wọ́n ti ṣètò rẹ̀ dáadáa, inú sẹ́tíìnì fóònù tí ẹni tó ni ín ti ṣí sílẹ̀ ni a ti ń tan àyè náà, nítorí náà olè tó jí fóònù títì kò lè dé ibẹ̀. Bí bootloader bá sì ti ṣí, gbogbo ohun tó wà nínú fóònù, fọ́tò, lẹ́tà, nọ́mbà, á parẹ́ kí olè tó rí i. IMEI tí ẹ fi ń tọpa fóònù wà lábẹ́ mọ́dẹ́ẹ̀mù, ṣíṣí bootloader kò yí i padà. Pixel tilẹ̀ jẹ́ kí a fi kọ́kọ́rọ́ ti ara wa tì í padà lẹ́yìn tí a bá gbé sístẹ́mù mìíràn sí i. Ohun tó léwu ni fóònù tí kò rí àtúnṣe ààbò gbà láti ọdún mẹ́ta, tí a sì ń fi gba owó lórí rẹ̀ lójoojúmọ́. Wọn kì í mẹ́nu kan ìyẹn.

Ti áàpù báńkì tún wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ń béèrè lọ́wọ́ Play Integrity ti Google bóyá sístẹ́mù tó wà nínú fóònù jẹ́ èyí tí Google fọwọ́ sí, bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, wọn kò ní ṣí. Ó wá di pé fóònù àtijọ́ tí ihò kún inú rẹ̀ lè gbówó, èyí tí a ti tún ṣe kò lè gbà á. Ọ̀ràn CBN ni ìyẹn jù, mo kàn fi tó yín létí ni, kí ẹ lè bá wọn sọ ọ́ nígbà tí ẹ bá pàdé.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe é, kò nílò òfin tuntun láti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń kún fún àyẹ̀wò fóònù ni kí ẹ fi ìbéèrè méjèèjì kún. Ẹ fún wọn ní gbèdéke tó tọ́, kí ó kan àwọn fóònù tí wọ́n bá gbé wá lẹ́yìn rẹ̀, ẹ má fi ti àtijọ́ há wọn lọ́rùn. Kóòdù tí ẹ bá gbà, ẹ kó o sí ibi tí gbogbo ayé ti lè rí i, ẹ kọ nọ́mbà ìwé àṣẹ fóònù náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹnìkan nínú òṣìṣẹ́ yín gbìyànjú láti sọ kóòdù yẹn di kernel tó ń ṣiṣẹ́ kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Èyí tó kẹ́yìn yìí ṣe pàtàkì, torí àwọn kan máa ń kó kóòdù tí kò pé síta kí ẹnu lè kúrò lára wọn. Ẹ sì kọ iye ọdún tí àtúnṣe ààbò yóò fi máa wá sí ara páálí, ní fọ́ńtì tí ìyá arúgbó lè rí kà, kó tó sanwó.

Àwọn ọmọ wà níbí tí wọ́n lè ṣe ìyókù. Ní LAUTECH, mo mọ àwọn tó ń sọ kóòdù di kernel lóru nígbà tí iná bá wà, tí wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà àtijọ́ ṣe é. Ìṣòro wọn kì í ṣe ọgbọ́n. Fóònù tí gbogbo ará ilé wọn ń lò gan-an ni wọn kò rí kóòdù rẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ lórí fóònù àwọn ará Yúróòpù tí ẹnikẹ́ni ní àdúgbò wọn kò ní.

Mo ń retí èsì yín, ẹ̀yin àgbà wa. Ó dára bí ẹ bá lè kọ ọ́ sí gbangba kí gbogbo àwa tó ń tún fóònù ṣe lè kà á.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Atúnfóònùṣe kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.